Ta Ló Ni Ìlú Abẹ́ Àpáta

Ọ̀kà Àkókó,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Mojísọ́lá ọmọ mi, Àjíkẹ́ tí mo jí tí mo kẹ́,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, mo sì kí ọ kú òtútù ìlú tí o wà. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ara àwọn le, àti pé obì tí o ní kí àwọn má jẹ mọ́, àwọn ṣì ń jẹ ẹ́. Inú wa dùn sí iṣẹ́ olùkọ́ tí yunifásítì yẹn fún ọ. Mo ti jó ijó rẹ̀ ní pálọ̀, mo ti dúpẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ báyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ijó. Inú ń bí mi sí ọ, ó sì tún ń bí mi sí ara mi, n kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Má ka lẹ́tà yìí nínú ọkọ̀. Wá ibi jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ ìwé tí o kọ nípa àwọn ọ̀dọ́ Ìkàrẹ́ ni, àwọn tó ń wo fíìmù ayé àràmàǹdà, tí wọ́n ń múra bí àwọn ènìyàn inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé láti jiyàn lé e lórí. O fi í ránṣẹ́ sí mi lórí wáásáàpù, o ní, "Mọ́mì, ẹ kàn sáré yẹ̀ ẹ́ wò." Èmi kì í sáré yẹ nǹkan wò. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi, ojú ìwé mọ́kàndínlógún. Mo mú awò ojú mi, mo gbé díkíṣọ́nárì mi tó ti wà lọ́wọ́ mi láti ilé-ìwé girama, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi kà á. Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń kọ níbẹ̀ yẹn, ṣé ẹ fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á ni àbí ẹ kò fẹ́?

O sọ fún mi pé ìwé náà máa di apá kan nínú ìwé ńlá tí o fẹ́ tẹ̀, pé wọn kò tíì tẹ̀ ẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé wọn kò tíì tẹ̀ ẹ́. Ìdí lẹ́tà yìí nìyẹn. Mo fẹ́ to ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹẹsẹ bí mo ṣe ń tò ó sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí n ó fi yà kúrò lójú ọ̀nà.

Èkíní. Jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ ní orúkọ tí o lè pè níta. Bí ènìyàn bá bi bàbá rẹ ní ohun tí o ń kọ́, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ni. Ìwọ lo kọ́ wọn. Ìwọ lo ní kí wọ́n kàn sọ bẹ́ẹ̀ kí àlàyé má bàa pọ̀. Ní ìpàdé àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, èmi sọ ọ́ bó ṣe rí: mo ní ọmọ mi ń kọ́ nípa ìtàn ayé tí kò sí, ìtàn ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe àti ìlú tí ẹnikẹ́ni kò dé rí, àti nípa àwọn tó fẹ́ràn ìtàn bẹ́ẹ̀ débi pé wọ́n ń gbé inú rẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ó béèrè bóyá ìyẹn náà ni wọ́n ń fún ènìyàn lóyè ọ̀mọ̀wé fún. Mo dá a lóhùn pé òun náà ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn Ìjàpá, kò sì sí ìgbà tí Ìjàpá wá sí ìpàdé olùkọ́ àti òbí. Bí èmi arúgbó bá lè dúró lórí iṣẹ́ rẹ báyìí, kí ló ń ti ìwọ tó ni ín lójú?

Èkejì. Nínú ojú ìwé mọ́kàndínlógún náà, "wọ́n" ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń ṣe báyìí, wọ́n ń ṣe báun, bí ẹni tó ń ka ewúrẹ́ aládùúgbò. Mojísọ́lá, ta ló fi bẹ́ẹ̀dṣíìtì mi so mọ́ ọrùn, tó gun orí táǹkì omi ẹ̀yìnkùlé, tó ní òun fẹ́ fò lọ sí ìràwọ̀? Àpá rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ. Èmi ni mo gbé ọ lọ sí ọsibítù ní Ìkàrẹ́, o sì ń sunkún, kì í ṣe nítorí ẹ̀jẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀dṣíìtì ya. O wà lára wọn. Kí ló dé tí o yọ ara rẹ kúrò? Ṣé nítorí pé o ti di ọ̀mọ̀wé ni àpá náà fi parẹ́? Kọ ara rẹ sínú ìwé náà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

O tún ní láti òkè òkun ni àṣà yìí ti wọ ìlú wa. N ó padà sórí ìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni ojú ìwé kọkànlá. Mo ti kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí. O ní aránṣọ ìbílẹ̀ kan wà ní Ìkàrẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Òkè-Àgbè, tó ń rán aṣọ fún àwọn ọ̀dọ́ náà. O ní ó ń fi egungun agbòjò ṣe ìyẹ́ apá, ó ń gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì ṣe ìhámọ́ra, ó sì ń fi táàpù wé e títí á fi máa dán bí irin. Títí débẹ̀, ó dára, o ríran dáadáa. O wá ní aránṣọ náà sọ ìtàn àtayébáyé àwọn ará Àkókó kan fún ọ, nípa ìlú kan tó wà lábẹ́ àpáta Ọ̀kà. Àwọn ará ìlú náà ń fi ìmọ́lẹ̀ hun aṣọ. Ayaba Fìtílà ló ń jọba lé wọn lórí. Wọ́n ní ọkọ̀ irin kan tó ń jẹ òkúta bó ṣe ń lọ, tó ń ti Ọ̀kà dé Ìkun kí ènìyàn tó kọ orin kan tán. O ní kò sí ẹni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, pé láti ẹnu àwọn baba ńlá ló ti wá.

Ọmọ mi, baba ńlá wo ló mọ ọkọ̀ irin? Ìwọ ọ̀mọ̀wé.

Mo mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Rábì ni, obìnrin aránṣọ tí o kò dárúkọ yẹn gan-an. Inú kíláàsì Fọ́ọ̀mù Tíríì ní Ìkàrẹ́ ló ti sọ ọ́, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni èmi àti òun jọ jókòó. O kò mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n, nítorí n kò dárúkọ rẹ̀ fún ọ rí. Ibí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara mi, nítorí náà fara balẹ̀.

Ọmọ Òkè-Àgbè ni Rábì. Èdè tiwọn ni wọ́n ń sọ nílé, ilé-ìwé àti ọjà ló ti kọ́ Yorùbá, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa ní Àkókó. Bó bá kọ àròkọ, ìlà pupa olùkọ́ a máa pọ̀ ju ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Èmi, bàbá mi jẹ́ tíṣà, Yorùbá tèmi mọ́ gaara, gbogbo kíláàsì ló mọ̀. Ṣùgbọ́n irú orí tó wà lọ́rùn Rábì, n kò tíì rí i lọ́rùn ẹlòmíì títí di òní. Ó ní lọ́jọ́ kan tí òun ń sá láfún lórí àpáta, òun fi etí lé òkúta, òun sì gbọ́ tí ẹ̀rọ ń kùn nísàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ ìlú náà fún mi, díẹ̀díẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kíkọ. Òun ń sọ, èmi ń kọ. Bó bá ṣi Yorùbá sọ, màá tún un ṣe. Lọ́jọ́ Ẹtì, a ó gbé apá tuntun jáde, yóò sì lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yóò fi yí kíláàsì po.

O ní láti òkè òkun ni àṣà náà ti wá. Àwọn ọmọ kíláàsì wa ń we gèlè bíi ti Ayaba Fìtílà lẹ́yìn tí olùkọ́ tó ń ṣọ́ wa bá ti lọ. Àwọn méjì jà nítorí ẹni tó yẹ kó wa ọkọ̀ irin. Ọmọbìnrin kan lọ kọ apá tirẹ̀, ó pa Ayaba Fìtílà níbẹ̀, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni a kò fi bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí o fi ojú ìwé mọ́kàndínlógún ṣàlàyé, a ti ṣe é ní Ìkàrẹ́ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, láìsí iná pàápàá lọ́pọ̀ ìgbà.

Nígbà tí a parí Fọ́ọ̀mù Fọ́ọ̀, bàbá Rábì kú, wọ́n sì mú un kúrò nílé-ìwé lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Àwọn ìwé kíkọ márùn-ún tí ìtàn náà wà nínú wọn wà lọ́wọ́ mi. Lọ́dún kejì, ilé-ìwé ní kí ẹni tó bá ní ìtàn tó fúnra rẹ̀ ronú kàn mú un wá, pé wọ́n máa ka èyí tó dára jù lọ níwájú àwọn òbí lọ́jọ́ ìpínfúnni ẹ̀bùn. Mo tún ìtàn Ayaba Fìtílà kọ ní Yorùbá tó mọ́, mo fún un ní ìparí, nítorí Rábì kò tíì sọ ìparí rẹ̀ fún mi kó tó lọ. Mo ní Ayaba Fìtílà gbé adé sílẹ̀, ó gòkè wá sí Ìkàrẹ́, ó sì fẹ́ tíṣà kan. Má rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà.

Rábì gbọ́ pé wọ́n máa ka ìtàn wa. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó rán aṣọ Ayaba Fìtílà fún mi láti wọ̀. Aṣọ yẹ́lò ni, ó kó bébà fàdákà inú páálí sìgá jọ, ó gé e wẹ́wẹ́, ó sì rán an mọ́ ọn láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Mo wọ̀ ọ́. Mo ka ìtàn náà, àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá àgbà wa, obìnrin tí a bẹ̀rù bí kí ni, bi mí níwájú gbogbo wọn pé, "Ta ló kọ ìtàn yìí?" Mo ní, "Èmi ni, mà." Wọ́n ní, "Ìwọ nìkan?" Mo ní, "Èmi nìkan, mà." Wọ́n wá fọwọ́ kan aṣọ ọrùn mi, wọ́n béèrè ẹni tó rán an. Mo ní, "Aránṣọ kan ni, mà." Rábì wà lórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn láàárín àwọn òbí. Ó ń pàtẹ́wọ́ bí àwọn yòókù.

Ìwọ náà wo ojú ìwé kọkànlá rẹ. Aránṣọ kan.

Mo ti ronú sí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì fẹ́ bo ara mi. Mo gbàgbọ́ tọkàntọkàn nígbà náà pé ẹni tó bá fi Yorùbá tó mọ́ kọ nǹkan ló ni ín. Lójú mi, ohun tí Rábì mú wá dà bí gbágùúdá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wà, èmi tí mo bó o, tí mo fọ̀ ọ́, tí mo sè é, èmi ni mo ni oúnjẹ. Àṣìṣe àwa tí ẹnu wa dá ṣáká nílùú tí èdè pọ̀ sí nìyẹn. Ìwọ wá fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe tìrẹ. O gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin kan nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, o kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́, ó di tìrẹ àti ti àwọn baba ńlá.

Ẹ̀bùn tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ náà ni díkíṣọ́nárì yẹn. Òun ni mo fi ka ìwé rẹ. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, tèmi ti lé ní ogójì kó tó bá a.

Mo mọ èsì tí o ti ń gbé bọ̀. O máa ní òfin iṣẹ́ yín ni pé kí ẹ fi orúkọ àwọn tó bá yín sọ̀rọ̀ pamọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣe wọ́n níbi. Òfin tó dára ni. Ṣé o bi í bóyá ó fẹ́ kí o fi tirẹ̀ pamọ́? Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ilé wa kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láti Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́ kì í ṣe ìrìn àjò. Ọjọ́ kan ṣoṣo lo lọ, o tan fóònù rẹ, o gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, o kò sì padà lọ dágbére kí o tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ta ló kọ́ ọ nírú ẹ̀kọ́ yẹn? Bí wọ́n bá ní ìyá rẹ ni, ẹnu mi kò gbà á, ṣùgbọ́n wọn kò parọ́ tán.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo gbé ìwé rẹ sábẹ́ apá, mo lọ sí Ìkàrẹ́. N kò wọ ṣọ́ọ̀bù Rábì rí láyé mi, mo máa ń gba òdìkejì títì kọjá. Ó ń rán ìyẹ́ apá kan tó tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀, ó ní kí n jókòó, kò dá ẹ̀rọ dúró. Mo ní mo wá nítorí ohun tí ọmọ mi kọ. Ó ní kí n kà á. Mo kà á fún un ní Yorùbá, ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní láti ẹnu àwọn baba ńlá ni, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ̀ pé òun ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Mo bi í pé ṣé kò mọ̀ pé ọmọ mi ni ọ́ nígbà tí o wá ni. Ó dá ẹ̀rọ dúró. Ohun tó sọ rèé, mo kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀:

"Mo mọ̀ ọ́n kó tó jókòó. Ojú ẹ ni. Ìdí tí mo ṣe sọ ìtàn yẹn fún un nìyẹn, mo fẹ́ mọ̀ bóyá o ti sọ ọ́ fún un rí. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Mo wá mọ̀ pé o ò dárúkọ mi nílé ẹ rí, àní lọ́jọ́ kan ṣoṣo."

Mo kúnlẹ̀ láàárín ègé aṣọ, èmi àti orúnkún mi tó ń dùn mí yìí. Ó ní kí n dìde, pé mo ń tẹ fóòmù oníbàárà mọ́lẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí n bẹ òun. Mo bẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Mo sunkún, Mojísọ́lá, mo sunkún níwájú ọmọbìnrin méjì tó wá gba aṣọ, ọ̀kan wọn tilẹ̀ fún mi ní ìnujú.

Nígbà tí mo jókòó padà, ó béèrè ìparí tí mo fún ìtàn náà lọ́jọ́ yẹn, pé ṣé òun gbọ́ dáadáa látẹ̀yìn. Mo ní ó gbọ́ dáadáa. Ó ní, "Ayaba mi ò fẹ́ tíṣà. Ọdún gbogbo yìí ló ti ń dùn mí." Ó ní ìtàn náà ní ìparí, ó ti ní ìparí láti ìgbà tí a wà ní Fọ́ọ̀mù Tíríì, òun kàn ń fi í pamọ́ di ọjọ́ Ẹtì tí a máa parí ilé-ìwé. Mo ní kó sọ ọ́ fún mi. Ó ní rárá. Ó ní ẹni tó máa gbọ́ ọ ni ẹni tó bá jókòó síwájú òun, tó béèrè ta ló ni ín, tó sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kọ nǹkan mìíràn.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí o máa ṣe. Sọ fún àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé náà pé kí wọ́n dúró. Má pe Rábì lórí fóònù, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ìsinmi rẹ tó ń bọ̀, wá sílé. Kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, kí o pè wọ́n ní Màmá Rábì, kì í ṣe Àǹtí. Bí wọ́n bá ní kí o fi orúkọ wọn sí i, kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́, kì í ṣe nísàlẹ̀ níbi tí lẹ́tà ti kéré tí n kò rí kà. Kọ orúkọ tèmi náà, kí o sì kọ ohun tí mo ṣe. Bàbá rẹ ní kí n má ní kí o kọ ìyẹn, pé ìtìjú ni. Mo ní ìtìjú náà ti pẹ́ nílé yìí jù wọ́n lọ.

Ẹ̀kẹrin wà, nípa oúnjẹ tí o ń fò, àti ẹ̀karùn-ún nípa ọ̀rẹ́kùnrin tí o rò pé n kò mọ̀. Ọwọ́ ti ro mí. A ó sọ wọ́n lójúkorojú.

Mo ti padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn. Mo gbé iṣu lọ lọ́jọ́ kìíní, ó gbà á, a sì jọ sọ̀rọ̀ nípa orúnkún. Lọ́jọ́ kejì, mo tún béèrè ìparí. Ó kàn ń fa òwú sójú abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, mo sì ń ka ọjọ́ bí ọmọ Fọ́ọ̀mù Tíríì tó ń retí ọjọ́ Ẹtì. Tètè wá, ọmọ mi. Bí ó bá gbà láti sọ ọ́ fún ọ, bá mi bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n wà níbẹ̀. N kò ní yọ ẹnu sí i, n kò ní tún Yorùbá rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yìn ni n ó jókòó sí, níbi tí òun jókòó sí lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá rẹ tó bí ọ, tí inú ń bí,
Màmá Mojí.